Mákírò Tó Há Sọ́nà, àti Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Ìlúpéjú

Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ́sẹ̀dé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi, kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti ń pè ọ́, tí fóònù rẹ ń dún, tí o kò gbé e. Ìgbà tí o gbé e kẹ́yìn, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló ṣe ohùn rẹ?" O ní, "Kò sí nǹkan kan, Màámi." Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá kí o kúkú di ẹrù rẹ kí o padà wálé. Kí n tó lanu, ìpè ti já. Gbólóhùn méjèèjì yẹn ni mo ń gbé kiri inú ilé. "Kò sí nǹkan kan" yẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí ju ìkejì lọ, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì mọ ohun tó fà.

Ó dáa. Ara ńkọ́? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ ní Ìbàdàn níbẹ̀? Gbogbo wa wà ní Ìtàjí, a dúpẹ́. Bàbá yín wà lóko, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo òkè débi pé ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í hàn, agogo rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́, bí ẹni pé inú àwọsánmà ni wọ́n ti ń lù ú. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ìwọ náà wà níbì kan nínú funfun yẹn, pé bí mo bá ké sí ọ, wàá jẹ́ mi.

Dàpọ̀ àbúrò rẹ wá láti Ọ̀yẹ́ ní Sátidé, mo sì mú un jókòó ti agbada gàrí. Mo ní kó ṣàlàyé ohun tó ń yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu fún mi, kó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó rántí pé mo ka ìwé mẹ́wàá lóòótọ́ ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó ní o sọ fún òun pé àwòrán ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí ni ẹ ń yà, odidi rẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ títí dé ibi tí wọ́n ti ń di gàrí sápò. Gbogbo irin, gbogbo bóòtù, gbogbo nọ́ọ̀tì ló wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ó ní mákírò ni ẹ ń pe àwọn àṣẹ tí o kọ jọ fún kọ̀ǹpútà náà, kó lè máa lọ bá ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó fún un ní nọ́ńbà, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò gé irin. Lórí àwòrán kékeré, ó ń sáré bí ehoro. Bó bá di ti àwòrán ńlá, yóò rìn díẹ̀, yóò gan, ojú kọ̀ǹpútà á sì dá wáí. Dàpọ̀ tún ní ọ̀gá yín ti sọ pé bí kò bá là á já títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o má retí ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi níbẹ̀.

Mo ro gàrí díẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìránṣẹ́ ni mákírò yìí nígbà náà?"

Dàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà Màámi! Ìránṣẹ́ ni o. Ìránṣẹ́ tí kò gbọ́n ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ."

"Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, mo mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ti jẹ́ ẹ rí."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìgbà wo?"

"Ìwọ gba igbá yìí kí o máa bá mi ro ó. Bí gàrí yìí bá jóná, o ò ní mú un lọ sí Ọ̀yẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀ sórí páànù, mo sùn lọ lórí ẹní. Mo lá àlá pé àwòrán rẹ yọ láti ẹ̀yìn òkè, ó ga, ó tẹ́ lọ bí ìlú. Bóòtù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àtẹ̀gùn. Mo ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé àjákọ lábíyá, mò ń kúnlẹ̀, mò ń sọ pé, "Ẹ kú ulé o." Irin ń dá mi lóhùn, ohùn wọn tutù bí omi ìkòkò. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn kan, mo gbọ́ ohùn rẹ nínú ibẹ̀, o ń sọ pé, "Kò sí nǹkan kan." Mo kàn án, kò ṣí. Ìgbà tí mo jí, Dàpọ̀ ti padà sí Ọ̀yẹ́, òjò ti dá. Mo wá bẹ́ ewé lára ìwé àjákọ mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ju ti fóònù lọ.

Wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún Dàpọ̀ nídìí agbada. Ọdún tí mo parí ìwé mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ìkọ̀lé tí o mọ̀ yẹn, fẹ́ ṣe ìdána. Nínú ẹbí wa, èèwọ̀ ni kí ara ilé gbọ́ ìdána ọmọ wọn lẹ́nu ará ọjà. Wọ́n gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan lọ pẹ̀lú obì, kó kúnlẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Yèyé Àgbà, ìyá bàbá mi, ló yàn mí. "Ìwọ lo mọ̀wé," ni wọ́n wí. "Kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Má fo ulé kankan o. Má fi uṣẹ́ mi rán ọmọdé. Ojú ẹni tí mo bá rán ọ sí ni kí o rí." Mo kọ orúkọ mẹ́tàlélógójì. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni Bàbá Ìlúpéjú, ẹ̀gbọ́n ọkọ Yèyé Àgbà, nítorí àwọn nìkan ni kì í gbé Ìtàjí. Àwọn náà ni àgbà ìdílé, àwọn ni yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀. Sátidé ni ìdána.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ rèé. Ilé tí mo bá ti kàn, màá sáré padà wá jábọ̀.

"Yèyé, mo ti sọ fún ìyá aláró."

"O káre."

Màá tún lọ, màá tún bọ̀. "Yèyé, mo ti sọ fún Bàbá Káfíńtà."

"O káre, ọmọ mi. Kí ni wọ́n wí?"

Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, ilé méje péré ni mo kàn, ẹsẹ̀ mi wú bí ẹni rin ìrìn-àjò Èkó. Yèyé Àgbà wò mí, wọ́n ní, "Ìrìn rẹ mà pọ̀ ju uṣẹ́ rẹ lọ."

Dàpọ̀ ní ohun tí mákírò rẹ ń ṣe gan-an nìyẹn. Bó bá ti fọwọ́ kan bóòtù kan, kọ̀ǹpútà á tún gbogbo àwòrán yà lákọ̀tun, á tún gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣe, kó lè fi hàn ọ́. Àwòrán kékeré kò ní jẹ́ kí o mọ̀, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Nítorí náà, èkínní, ọmọ mi: sọ fún un kó má jábọ̀ ní gbogbo ilé. Dàpọ̀ ní àṣẹ wà tí o lè fi bo ojú kọ̀ǹpútà títí iṣẹ́ yóò fi parí, kó wá ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n má gbàgbé láti ṣí ojú rẹ̀ padà o, kódà bí iṣẹ́ náà bá kùnà lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ agbo ilé kan tó wà lábẹ́ ìrókò. Orúkọ méjìlá nínú ìwé mi ló ń gbé ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá kúnlẹ̀ fún èkínní, màá kí i tilé toko, màá sọ ọ̀rọ̀, màá yọ obì, màá jáde sí gbàgede, màá tún wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, àwọn obìnrin ilé náà ti ń di ikùn mú fún ẹ̀rín.

"Ọmọ yìí, ṣé orúnkún ò dùn ọ́ ni?"

"Ẹ fi í lẹ̀ o, ó mọ̀wé. Ó fẹ́ kí ìdána náà ta sí wa létí lẹ́ẹ̀méjìlá."

Mo bínú, mo sì ṣe é pé méjìlá. Ìgbéraga ni, Àbẹ̀kẹ́. Ìkejì rèé: Dàpọ̀ ní bóòtù kan náà lè fara hàn ní igba ibi nínú àwòrán rẹ, pé mákírò rẹ sì ń ṣí i ní igba ìgbà bí àjèjì. Kó kọ́kọ́ kó orúkọ wọn jọ. Bó bá ti kí ọ̀kan, kó sàmì sí i, kó má tún padà sí i mọ́. Agbo ilé là ń ránṣẹ́ sí, ìkúnlẹ̀ kan ló tó fún gbogbo wọn.

N kò mọ̀ bóyá ìkẹta nìyí tàbí ìparí ìkejì. O mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ìròyìn ìdána kiri, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo. Ilé kan á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, òmíràn á fún un níṣu, òmíràn osàn. Nítorí pé Yèyé Àgbà ti bá mi wí pé ìrìn mi pọ̀ jù, n kò yà sílé mọ́, mo di gbogbo rẹ̀ rù. Ilé kọ̀ọ̀kan tí mo bá jáde, ọrùn mi á tún rì sí i. Nígbà tó ṣe, ilé tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ di ọ̀nà Àkúrẹ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi rù ú! Mo lè gbé e kalẹ̀ sílé ẹnikẹ́ni, kí n wá a bọ̀ tó bá yá. Àbúrò rẹ ní mákírò máa ń ṣí fáìlì tí kì í pa á dé, títí kọ̀ǹpútà á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kọ́ ọ kó máa sọ ẹrù kalẹ̀ ní ilé tó bá ti kúrò. Bí àwòrán náà bá tún wúwo jù, pín in sí apá apá: ibi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ lónìí, ibi tí a ti ń rin ín lọ́la. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí o gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ẹrù náà ti wá rẹ̀ mí tán ni ilé Bàbá Ọlọ́pẹ. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo sọ ẹrù kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, mo jókòó. Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Bàbá Ọlọ́pẹ ni, mà."

"Oko ni wọ́n wà láti ọjọ́ Ajé. Ó lè di Ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n tó dé."

"Màá dúró, mà. Wọ́n ní ojú wọn ni kí n rí."

Obìnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu. "Ó dáa, jókòó. Bó o bá ti ta gbòǹgbò, sọ fún mi, màá bomi rin ọ́."

Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, Bọ́sẹ̀dé. Ọ̀sán odidi. Mo ń wo ilẹ̀kùn yẹn, igi rẹ̀, ìlà ara igi rẹ̀, títí ó fi dà bí odò tó dúró. Bí n bá pajú dé nísinsìnyí, mo ṣì ń rí i. N kò sùn, n kò ṣiṣẹ́, n kò sì lọ. Ọgbọ̀n àti iye ènìyàn kan ti gbọ́ tàbí wọ́n ń retí láti gbọ́, èmi jókòó ti ẹyọ ẹnì kan tí kò sí nílé.

Dàpọ̀ ní ó jọ pé ibí yìí gan-an ni mákírò rẹ há sí. Ó ní fáìlì ẹ̀yà kan lè ti kúrò níbi tí àwòrán mọ̀ ọ́n sí, tàbí kó jẹ́ pé wọn kò ṣí i tán. Kọ̀ǹpútà á gbé àpótí kékeré kan jáde láti béèrè pé, níbo ni ẹni yìí wà? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwòrán ńlá náà ló fara pamọ́ sí, o kò rí ìbéèrè náà. Òun ń dúró dè ọ́, ìwọ ń dúró dè é. Nítorí náà, kí mákírò rẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúnlẹ̀: ṣé onílé wà? Bí kò bá sí, kó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa lọ. Wàá fọwọ́ ara rẹ wá ìyẹn tó bá yá. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mákírò rẹ ń jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú, bí èmi ti ṣe. Ìwọ lo máa kọ́ ọ ní tọmọ.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sinmi níbí, nítorí ohun tó kù ló ń dùn mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ilé mọ́kànlá ló ṣì kù, Ìlúpéjú sì wà nínú wọn. Mo dúró sétí títì, mò ń sunkún láìjẹ́ kó hàn. Tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò gun alùpùpù kọjá, wọ́n dúró. "Kí ló ṣe ojú rẹ báyìí?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Ìlúpéjú ni mò ń lọ o. Ṣé o ò ní iṣẹ́ kankan tí mo lè bá ọ jẹ́ níbẹ̀?"

"N kò ní, sà."

Wọ́n tún wò mí, wọ́n lọ. Eruku pupa tẹ̀ lé wọn, ó rọra ń wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tú ká. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti gun alùpùpù yẹn lọ láìsí mi. Ojú ló ń tì mí. Ọmọ tó mọ̀wé, báwo ni màá ṣe sọ pé ìwé orúkọ lásán ṣẹ́gun mi?

Ní Sátidé, àwọn àna dé, wọ́n jókòó. Oòrùn kúrò lórí àtíbàbà, ó bọ́ sórí wọn. Bàbá Ìlúpéjú kò dé. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí àtíkè ojú rẹ̀ fi la ọ̀nà méjì. Bàbá mi fúnra wọn lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìlúpéjú, ó sì ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí àgbà náà tó yọ, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn, nítorí wọn kò mọ ohunkóhun.

Àgbà náà ní, "Ta lẹ rán?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o ṣàìsàn ni?"

"Rárá, Bàbá. Mò ń bọ̀ ni."

Wọ́n ní, "O ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tó ń bọ̀ tí kò ránṣẹ́ síwájú, àti ẹni tí kò bọ̀ rárá, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tó ń dúró. Ká ní o sọ fún ẹyẹ tó ń kọjá pé o wà lójú ọ̀nà ni, ǹ bá ti wẹ̀, ǹ bá ti wọ aṣọ mi." Wọ́n wá fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n fa ẹ̀gbọ́n mi lé ọkọ lọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ oko yẹn. Màmá Ìkọ̀lé ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wo fọ́tò ọjọ́ náà, ó máa ń fọwọ́ bo ibi tí aṣọ náà wà.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́ mi, n kò ka iye mọ́. Jẹ́ kí mákírò rẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kékeré sílẹ̀ nínú fáìlì kan ní ilé kọ̀ọ̀kan: mo dé ibí, mo kúrò níbí. Bó bá tún gan, ìlà tó gbẹ̀yìn ló máa sọ ilẹ̀kùn tó jókòó tì. Ìgbà yẹn lo máa mọ̀ bóyá ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tàbí ó ti há, nítorí wọ́n jọra púpọ̀. Kí o sì lo ẹ̀dà àwòrán náà fún gbogbo ìdánwò yìí, má fi ojúlówó rẹ̀ gbìyànjú, mo bẹ̀ ọ́.

Ọ̀kan tún kù. Ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi iṣẹ́ yín, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, tí o sọ nípa rẹ̀ lóṣù tí o débẹ̀ pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, tó sì máa ń hó orin lẹ́nu. Dàpọ̀ ní o ò tíì bá a sọ ọ́, pé o ò fẹ́ kó sọ pé ọmọ tí wọ́n gbà kò mọṣẹ́. Alùpùpù nìyẹn, ọmọ mi. Ìlúpéjú ló ń lọ. Dìde láàárọ̀ Ajé, kí o kí i, kí o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ibi báyìí ló há sí." Abéèrè kì í ṣìnà.

Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ wálé lóòótọ́, yàrá rẹ wà, mo ti gbá a. Ṣùgbọ́n má wálé nítorí ilẹ̀kùn tí kò sẹ́nì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Dírẹ́bà tó ń ná Ìkọ̀lé sí Ìbàdàn ló máa mú ìwé yìí wá, pẹ̀lú gàrí. Apá tó pọ́n díẹ̀, Dàpọ̀ ló fà á. Fi èsì rán an padà lọ́jọ́ kan náà, má jẹ́ kó pẹ́. N kò ní kí mákírò ti ṣiṣẹ́. N kò ní kí o kọ púpọ̀. Bó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni, kọ ọ́ pé, "Màámi, mo wà lójú ọ̀nà," màá sì wẹ̀, màá wọ aṣọ mi, màá máa retí rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Ìtàjí.